Iye Ìyapa: Ohun Tí Òfin Gbọ́dọ̀ Sọ Kí Iná Aládàáni Tó Dé Òkè-Èrò

Ẹ̀yin ọmọ Osi, ẹ̀yin ọmọ Iloffa, ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ṣe ohun tí gbogbo ìlú yóò jọ máa lò, ọ̀nà àbáyọ ló kọ́kọ́ ń wá nínú òfin kó tó wá èrè. Ẹ wo iná sólà. Èèyàn lè tú páńẹ́lì àti bátìrì, kó kó wọn sínú ọkọ̀, kó máa lọ. Òpó tó ti rì mọ́lẹ̀ láti ọjà dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Wáyà tó ti ta dé ilé onílé ńkọ́? Ta ni yóò rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjọba bá yí ọkàn padà? Òfin tó bá dákẹ́ lórí èyí ti lé olówó sẹ́yìn, bó ti wù kó fi ọ̀rọ̀ dídùn pè é tó.

Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn jẹ́rìí sí i. Òfin tó dá àjọ ICRC, tó ń bójú tó àdéhùn ìjọba àti aládàáni lórí iṣẹ́ ìlú, sílẹ̀ ní 2005 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣàdéédéé dá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dúró, kó fagi lé e tàbí kó yí i padà. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé ọ̀nà náà fún ilé-iṣẹ́ aládàáni Bi-Courtney, iṣẹ́ bílíọ̀nù 89.5 náírà. Ní oṣù kọkànlá 2012, ó gbà á padà, ó ní ilé-iṣẹ́ náà kò rí owó kó jọ. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ ẹni tó jàre níhìn-ín. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnu oníkálukú ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, "ṣàdéédéé", wà.

Ẹ fi wé ìlànà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé jáde ní 2016 fún iná ìgbèríko tí kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ. Nínú ìlànà 2016 yẹn, bí wáyà ilé-iṣẹ́ apínná bá dé ìlú tí oníṣẹ́ tó gbàwé-àṣẹ ti ń fún níná, oníṣẹ́ náà lè so tirẹ̀ mọ́ tiwọn, tàbí kí wọ́n san iye tí dúkìá rẹ̀ ṣẹ́kù sí fún un, pẹ̀lú owó tó pa ní oṣù 12 tó ṣáájú. Iye ìyapa ti wà nínú ìwé kí ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ni oníbáńkì lè jókòó tì, kó ṣírò.

Wọ́n á ní iná aládàáni wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń da dísẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀rọ ìlọta lójoojúmọ́ mọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀wọ́n. Ìlànà 2016 náà sì ní bí oníṣẹ́ bá fẹ́ bá ìlú dúnàá-dúrà lórí owó iná, àwọn oníbàárà tó ń lo ìdá 60 nínú 100 iná náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn á ní a ò gbọdọ̀ de ìjọba lọ́wọ́. Ta ló dè é? Ìjọba Èkó ra ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà Lẹ́kkí padà ní 2013, lẹ́yìn tí owó-ibodè ti dá wàhálà sílẹ̀. Ìjọba lè gba nǹkan rẹ̀ padà nígbàkigbà, kó ṣáà mọ iye tí yóò ná an.

Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ní 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin iná, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Aládùúgbò wa, Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ti gba àkóso tirẹ̀ lọ́wọ́ NERC ní 2024. Ìpínlẹ̀ tó bá gbà á ti bọ́ lábẹ́ ìlànà NERC, ohun tó bá kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kù ú kù. Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ ń ṣojú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ekiti àti Òkè-Èrò nílé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kwara ní Ilorin, mo bẹ̀ yín: lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ iná bá dé iwájú yín, ẹ kọ iye ìyapa sínú òfin náà kí ẹ tó pe oníṣòwò kankan.