Aago Ọwọ́ Níwájú Ọmọ Òrukàn



Nínú hádíìsì tí Ibn Abbas sọ, tí An-Nasai sì kọ sílẹ̀, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi òrùka kan sọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ ọ, ó sì jù ú nù. Ó ní ó ń pín ojú òun sí méjì láàárín òun àti àwọn Sàhábà. Òrùka lásán ni o! Kò dún, kò sì gbọ̀n.

Aago tí Apple gbé jáde lọ́dún 2015, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ti wọlé. Ojú lọ̀rọ̀ sì wà. Bí ọmọ òrukàn bá ń ṣàlàyé pé wọ́n lé òun nílé ìwé nítorí owó, tí ẹ bá bojú wo ọwọ́, yóò rò pé ẹ ti fẹ́ máa lọ ni. Yóò gbé ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì, bẹ́ẹ̀ ìyókù yẹn gan-an la wá gbọ́.

Nítorí náà, kí a tó wọ ilé opó kankan ní Kuta yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ ọ sápò. (Mo mọ̀ pé ó ń bá yín ka ìṣísẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìjókòó la wá ṣe níbẹ̀.) Bí àkókò ìrun bá tó, ládáànì á pè wá.