Ká Ṣírò Ọ̀nà Kí Ọmọ Tó Gbéra

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wa, ará agbègbè Lálúpọn, bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa.

 

Alága ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ wa tó fẹ́ jáde ìwé mẹ́wàá. Àkókò yìí ni ilé máa ń gbóná. Bàbá ń sọ tirẹ̀, ìyá ń sọ tirẹ̀, àbúrò bàbá láti Èkó náà ń fi tẹlifóònù sọ tirẹ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ló dákẹ́. Èmi kì í ṣe tíṣà o. Awakọ̀ ni mí, ẹrù ilé iṣẹ́ ni mo ń gbé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá ní kí o gbé ẹrù lọ sí Kánò, ṣé owó epo tí yóò gbé ọ dé Ọ̀yọ́ nìkan ni ìwọ yóò ṣírò? O ó ṣírò dé Kánò, o ó ṣírò àbọ̀, o ó sì fi ti táyà tó lè bẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ, owó ọdún àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá. A ó wá gbéra, a ó ní Ọlọ́run yóò ṣe ìyókù. Ọlọ́run ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ká má ṣírò.

OHUN TÍ MO ṢE FÚN ÀKỌ́BÍ MI

Ní ọdún 2016, àkọ́bí mi parí ìwé mẹ́wàá, ó sì mú kírẹ́díìtì márùn-ún wálé. Ó ní, “Bàámi, pólì ni mo fẹ́ lọ. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo fẹ́ kọ́.” Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, “Ṣé torí pólì ni mo ṣe ń wakọ̀ òru?” Kí n má purọ́ fún yín, ọmọ ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ti wọ yunifásítì aládàáni nígbà náà, bàbá rẹ̀ sì ń fi àwòrán ọmọ náà hàn wá lójoojúmọ́. Èmi náà fẹ́ àwòrán tèmi.

Mo ta apá kan nínú oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lẹ́bàá Éjìòkú. Owó náà tó ọdún kan. Nígbà tí ọdún kejì dé, ilé-ìwé fi owó lé owó. Ilé iṣẹ́ náà sì dín ìrìn-àjò kù fún wa, ofataìmù kò sí mọ́. Àárín ọdún kejì ni ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ wálé. Ọdún kan àbọ̀ ló fi jókòó sílé. Kò fẹ́ jáde lọ́sàn-án kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí i. Ilẹ̀ ti lọ, ìwé kò sì sí lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó bá fi yunifásítì sílẹ̀ lágbedeméjì kì í gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Òun fúnra rẹ̀ ló padà gba fọ́ọ̀mù pólì. Ó ṣe ND fún ọdún méjì, iṣẹ́ iná náà ló sì ń ṣe jẹun lónìí. Kò bú mi rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí a jọ ń tún wáyà ilé ṣe, ó ní, “Bàámi, ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi dìde sọ̀rọ̀ níwájú yín lónìí.

ÌGBÀ ÀWỌN BÀBÁ WA

Ẹ má jẹ́ kí a dá ara wa lẹ́bi jù. Àwọn bàbá wa kò kọ́ wa ní ìṣirò yìí, nítorí pé tiwọn yàtọ̀. Ní January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kòkó inú oko bíi ti Lágelú, Ọ̀nà-Àrà, Ẹ̀gbẹ́dá àti Akínyẹlé wà lára ohun tí ó gbé owó wọlé fún ìjọba náà. Ní 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ ilé-ìwé girama náà di ọ̀fẹ́. Ohun tí ó le fún bàbá ìgbà náà ni kí ó yọ ọmọ kúrò lóko. Bí ó bá ti yọ̀ǹda rẹ̀, ìjọba gbé ọ̀pọ̀ nínú ìyókù.

Yíyàn pàápàá kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, òun nìkan ni yunifásítì tí ó wà ní Nàìjíríà. Lónìí, ọmọ tó bá dúró ní Ìwó Road lè tọ́ka sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀, Pólì Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 wà níbẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Moor Plantation, LAUTECH tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990 wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ká má tíì ka ti aládàáni. Yíyàn ti pọ̀, owó sì ti di ti òbí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ ká kọ́ ìṣirò.

ÀTẸ̀GÙN TÀBÍ ÒGIRI

Ẹ jẹ́ ká mọ bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti gùn tó. Ní yunifásítì, ọdún mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ẹnjiníà àti òfin jẹ́ ọdún márùn-ún. Iṣẹ́ dókítà jẹ́ ọdún mẹ́fà. Ní pólì, ọdún méjì ni ND, ọmọ yóò lọ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan, lẹ́yìn náà ni ọdún méjì ti HND. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, ọdún mẹ́ta ni NCE.

Wàyí o, ẹ wo ìyàtọ̀ tí mo fi ilẹ̀ bàbá mi kọ́. Bí owó bá já lẹ́yìn ọdún méjì ní pólì, ọmọ ní ìwé ND lọ́wọ́. Bí ó bá já lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, ọmọ ní NCE, ó lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Nígbà tí owó bá tún wọlé, ó lè fi ìwé náà gba Direct Entry lọ sí yunifásítì, kó wọ ọdún kejì tààrà. Àtẹ̀gùn nìyẹn, ó ní ibi tí ènìyàn lè dúró mí. Yunifásítì dà bí ògiri tí a ń pọ́n. Ẹni tí kò bá dé orí rẹ̀, ilẹ̀ ni yóò padà sí.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni má rán ọmọ lọ sí yunifásítì. A mọ àwọn ibi iṣẹ́ tí wọn kì í fi ojú kan náà wo HND àti dígírì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ti ń bá wọn fà á tipẹ́tipẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí owó rẹ bá dájú, gun ògiri. Bí kò bá dájú, wá àtẹ̀gùn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó ilé-ìwé ni ẹ̀fà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù JAMB, ìdánwò ti ilé-ìwé fúnra rẹ̀, owó ìgbàwọlé, yàrá, oúnjẹ, ọkọ̀, ìwé, àti owó iṣẹ́ àkànṣe ọdún tó kẹ́yìn.

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé yàrá, oúnjẹ àti ọkọ̀ ọmọ kan gba ₦50,000 lóṣù, fún oṣù 10 lọ́dún. ₦500,000 nìyẹn, a kò tíì san owó ilé-ìwé. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní July 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn, ₦840,000 ni gbogbo owó rẹ̀ lọ́dún. Bí ó bá yọ ti ọmọ kan yìí kúrò, ₦340,000 ló kù. Ìyẹn kò pé ₦29,000 lóṣù fún ìyàwó, àwọn ọmọ yòókù, àti òun fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣírò èyí ṣáájú, gbèsè ni yóò ṣírò rẹ̀ fún un.

Ẹ tún fi ọdún kan kún iye ọdún tí ilé-ìwé bá dá fún yín. Ní 2022, láti February 14 títí di October 14 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwa òṣìṣẹ́ kò lè bá wọn wí, a mọ ohun tó ń mú ènìyàn yanṣẹ́ lódì. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba yàrá fún ọmọ rẹ̀ níta, onílé kò bá wọn yanṣẹ́ lódì.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ YÍYÁ

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ nípa owó yíyá ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí àjọ NELFUND ń bójú tó. Òfin tó wà lórí rẹ̀ báyìí ni Ààrẹ fọwọ́ sí ní April 2024. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún, kò sí fún ti aládàáni. Yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ wà nínú rẹ̀. Àjọ náà ń san owó ilé-ìwé tààrà sí àpò ilé-ìwé, ó sì ń fún ọmọ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún ìjẹ àti ìmu. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ni wọn yóò sì máa yọ. Ẹni tí kò bá tíì ríṣẹ́ lè fi ìwé ìbúra béèrè fún àfikún àkókò.

Nígbà tí mo sọ èyí nílé, ìyá àwọn ọmọ mi fò dìde. Ó ní, “Ẹ ò ní fi ọmọ mi sọfà.” Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nílé tiwọn, wọ́n ṣì ń sọ ìtàn ẹni tó fi ọmọ sin gbèsè. Mo ní ìwọ̀fà máa ń ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀, owó olówó kò sì ní dín kọ́bọ̀ kan. Gbèsè tèyí ń dín bí a bá ti ń san án. Síbẹ̀ gbèsè ni. Ọmọ ni yóò san án, nítorí náà ọmọ ni kó pinnu bóyá òun fẹ́ ẹ. Kí òbí má sì fi ojú sọ́nà fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Owó ìgbàwọlé àti ti ẹrù àkọ́kọ́, àpò òbí ni yóò ti jáde.

BÍ A TI ṢE TI ÈKEJÌ

Nígbà tó kan ọmọ mi obìnrin ní 2024, mo pe òun àti ìyá rẹ̀ jókòó lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. A mú ìwé àjákọ kan. Lójú ewé kìíní, a kọ ilé-ìwé mẹ́ta tó wù ú àti gbogbo owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà títí dé òpin. Lójú ewé kejì, mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí. Mo kó ìwé owó oṣù mi jáde, mo fi hàn wọ́n.

Ojú tì mí. Láti ìgbà tí mo ti gbé ìyàwó, kò sẹ́ni tó mọ iye tí mo ń gbà. Ọmọ náà wò ó, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó mú báírò, òun fúnra rẹ̀ ló fa ìlà pa yunifásítì aládàáni tó kọ sókè. Èmi kọ́ ni mo ní kó pa á.

Ìyá rẹ̀ ní kó máa ti ilé lọ sí yunifásítì, pé ìyẹn ni kò ní náni lówó. A ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni láti ọ̀dọ̀ wa dé ibẹ̀, méjì náà ni àbọ̀. Owó ọkọ̀ oṣù kan ju ohun tí yóò san lóṣù bí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jọ gba yàrá kan. Àwa awakọ̀ là ń gba owó náà, síbẹ̀ a kì í ṣírò rẹ̀ fún ọmọ tiwa.

Mo wá bi í pé, “Lẹ́yìn ìwé ńkọ́?” Ó ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òun fẹ́ kọ́, òun fẹ́ mọ̀ nípa irúgbìn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo ṣebí torí kí wọ́n má baà ṣe àgbẹ̀ la ṣe ń rán wọn níwèé. Ó ní, “Bàámi, IITA ti wà ní Akínyẹlé láti 1967, ẹ ń wakọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn tó wà nínú ibẹ̀, kí ni wọ́n kọ́?” Ẹnu mi wọhò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọdún márùn-ún ni, a kọ mẹ́fà sílẹ̀. Ó gba owó yíyá náà. Ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò tíì parí, n kò sì ní ṣe àṣeyọrí rẹ̀ ṣáájú ọjọ́.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kì í ṣe iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un. Ẹni tó bá ń fi ọdún mẹ́rin ṣe JAMB fún iṣẹ́ dókítà kan ṣoṣo, kó ka ọdún rẹ̀ dáadáa. Ẹ sì fi ìnáwó ìgboyè sínú ìṣirò. Mo ti rí bàbá tó yáwó ra aṣọ ẹbí fún ìgboyè ọmọ tí kò tíì san owó iṣẹ́ àkànṣe rẹ̀ tán.

OHUN TÍ MO BẸ Ẹ̀KA WA SÍ

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ya àpò kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, kí òbí máa dá sínú rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ bá ti wọ ilé-ìwé girama. Èkejì, kí akọ̀wé kọ orúkọ àwọn ọmọ wa tó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń ná ní tòótọ́. Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá tún jókòó bá àwọn ọ̀gá lórí owó oṣù, kí ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ òṣìṣẹ́ wà lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹ, ohun kan wà tí kò gba owó, tí a lè ṣe lálẹ́ òní. Bi ọmọ rẹ léèrè ohun tó fẹ́. Lẹ́yìn náà, fi ìwé owó oṣù rẹ hàn án. Ojú yóò tì ọ́ díẹ̀. Ti ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ti ọmọ tó kó ẹrù wálé lágbedeméjì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

 Ìṣọ̀kan ni agbára wa.