Owó Iṣẹ́ Lébìrà: Ọwọ́ Ta Ni Ó Ń Bọ́ Sí?

Lónìí, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kọ́ ni a bá wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò. Àwọn tí ń bá wa ṣiṣẹ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹni tí ń kọ ebè, ẹni tí ń bó ẹ̀gẹ́ ní ilé gàrí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé adìyẹ kí olè má baà wọlé.

Gbogbo wa la mọ̀ pé lébìrà ti di ọ̀wọ́n. Àwọn ọmọ tiwa ti gba Èkó lọ, àwọn mìíràn ń gun ọ̀kadà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ yín ń lo àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, láti Benue, láti Tógò, tàbí láti orílẹ̀-èdè Benin tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Dàhòmì. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ọ̀pọ̀ olóko ńlá ló fi àgbàṣe bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni ẹ máa ń bá ṣàdéhùn. Alárinà kan, tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá, ló kó wọn wá. Òun ni ẹ bá dúnàádúrà, òun náà ni ẹ sì ń kówó fún nígbà tí ọdún bá parí. Ẹ kò mọ iye tó kàn wọ́n. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Abẹ́òkúta ní ọdún 2003. Ní oṣù September àti October ọdún náà, ó lé ní 200 ọmọdé tí wọ́n kó kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tí wọ́n sì dá padà sí orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀pọ̀ wọn ló wá láti agbègbè Za-Kpota. Àwọn alárinà ti bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n fún àwọn kan lówó díẹ̀, wọ́n ní ọmọ yóò ríṣẹ́, yóò sì kówó bọ̀. Òòlù, kòtò òkúta àti oòrùn ni ọmọ bá níbẹ̀. Wọn a fọ́ òkúta, wọn a kó o sínú ọkọ̀, ẹni tó kó wọn wá a sì gbowó. Ẹ kíyè sí i: àwọn tó ń ra òkúta náà kọ́ ló lọ kó ọmọ wá. Bíríkìlà ra òkúta, onílé fi kọ́lé, wọn kò béèrè ọwọ́ tó fọ́ ọ. Wọ́n sanwó, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Láyé àwọn baba wa, ìwọ̀fà wà. Ẹni tó yá owó, tàbí ọmọ rẹ̀, á máa sin olówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé owó náà, ojú owó kò sì ní dín títí wọn yóò fi san án. Síbẹ̀, ìwọ̀fà ní oko tirẹ̀ àti àkókò tí ó fi ń ro ó, nítorí ẹni òmìnira tó jẹ gbèsè ni, kì í ṣe ẹrú. Bí a bá wo ohun tí àwọn ọ̀gá lébìrà mìíràn ń ṣe lónìí, ìwọ̀fà sàn jù ú lọ.

Ká ní ẹ bá ọ̀gá ṣàdéhùn ₦840,000 lórí òṣìṣẹ́ kan fún ọdún kan, èyí tí í ṣe ₦70,000 lóṣù. Nígbà tí ọdún bá parí, ọ̀gá á yọ owó ọkọ̀ ₦60,000. Owó oúnjẹ ₦25,000 lóṣooṣù, tó di ₦300,000. Owó oògùn ibà ₦45,000. Owó àdá àti bàtà ₦20,000. Àti ti ọ̀gá fúnra rẹ̀, owó oṣù méjì, ₦140,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦565,000. Ẹni tó fi odindi ọdún ṣiṣẹ́ yóò gba ₦275,000. Bí ara rẹ̀ kò bá yá ní oṣù kẹwàá, tó ní òun fẹ́ lọ sílé, ọ̀gá á ní ọdún kò tíì pé, kò sí owó. Ẹni tí kò lè lọ nítorí pé owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, orúkọ wo ni a fẹ́ pè é?

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò fàyè gba irú èyí. Bí àdéhùn tilẹ̀ jẹ́ ti ọdún kan, òfin ní oṣù kan kò gbọdọ̀ kọjá láìsanwó. Gbogbo ohun tí a bá yọ nínú owó oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Nínú ìṣirò wa yìí, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù fún òṣìṣẹ́, ọ̀gá ló kó ìyókù. Ẹni tí ń kó òṣìṣẹ́ kiri pàápàá gbọdọ̀ ní ìwé àṣẹ. Òfin tó de kíkó ènìyàn ṣòwò, ti ọdún 2015, sì ní ẹni tó bá kó ènìyàn wá fún iṣẹ́ àfipáṣe, tàbí tó gbà á sọ́dọ̀ fún un, yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: tó gbà á sọ́dọ̀. Olóko lè wà nínú rẹ̀.

Ọmọ tó bá òbí rẹ̀ bomi rin ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ọmọ ọlọ́mọ tí alárinà mú wá ni ẹ kò gbọdọ̀ gbà sóko rárá.

Ẹ bá òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ wá ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ọ̀gá kọ́ ni yóò ṣe ògbufọ̀. Ẹ bi í ní orúkọ, ọjọ́ orí, iye tí wọ́n sọ fún un, àti gbèsè tí wọ́n ní ó jẹ. Ẹ bi í bóyá ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ra ìwé kan, ẹ máa kọ iye tí ẹ san síbẹ̀, kí òun náà tẹ̀ka. Kí owó rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ lóṣooṣù, tàbí kí ó wọ àpò báńkì tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ohun kan bá tọ́ sí alárinà, ẹ̀yin ni kí ẹ fún un, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe nínú owó òṣìṣẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ: níbo ni owó oṣooṣù yóò ti wá nígbà tí ìrẹsì ọ̀fàdà kò tíì gbó, tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà nílẹ̀? Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ olóko tó ń sanwó lópin ọdún kì í ṣe ìkà, owó ni kò sí lọ́wọ́. Níbí gan-an ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wúlò. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ajílẹ̀ àti owó katakata, kí ó máa yá a lówó òṣìṣẹ́ pẹ̀lú, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kí ó san án padà nígbà ìkórè. Ẹ gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀.

Àwọn tó ń rajà náà ti ń béèrè. Ní ọdún 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì fọwọ́ sí ìwé lórí iṣẹ́ ọmọdé nínú oko kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti ìgbà náà ni ìbéèrè kò ti dáwọ́ dúró. Kòkó kọ́ ni ọ̀pọ̀ yín ń gbìn, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀gẹ́ lè béèrè ìwé owó òṣìṣẹ́ yẹn lọ́la.

Bí ẹ bá rí ẹni tí wọ́n há mọ́ inú oko, tàbí ọmọdé tí alárinà ń kó kiri, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín, tàbí kí ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, lórí 627. Ẹ má lọ bá ọ̀gá fa wàhálà fúnra yín, nítorí ó lè kó àwọn èèyàn náà sá lóru. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yíyọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì ọ̀fàdà ni a ó bá yín sọ. Ó dìgbà náà.