Ta La Máa Rán Lọ? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Níbi Ìpàdé Àwọn Ọ̀dọ́

  Mo ní kí wọ́n bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́, kí ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá sípàdé náà lè gbọ́.

Ẹ ti gbọ́ pé ọmọ ìlú wa kan tó ní ilé-iṣẹ́ n'Íbàdàn ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn oníṣòwò ni ilé-iṣẹ́ wọn ń ràn lọ́wọ́: wọ́n ń bá wọn forúkọ okòwò sílẹ̀ ní CAC, wọ́n ń bá wọn tọ́jú ìwé ìṣirò owó, wọ́n sì ń bá wọn ṣètò owó orí. Ẹni tí wọ́n ń wá ló máa máa pe àwọn oníṣòwò lórí fóònù, táá sì ta iṣẹ́ yìí fún wọn. Ẹnì kan péré ni o. Àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orúkọ mọ́kànlá ti wọlé sórí fóònù mi. "Ọmọ àbúrò mi ni." "Àtìgbà tó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán ló ti wà nílé."

Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ torí pé ó jẹ́ ọmọ lágbájá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ la fi wà nílé. Mo ṣe irú iṣẹ́ yìí l'Ékòó fún oṣù méjì. Wọ́n fún mi ní ìwé tí màá máa kà sí oníbàárà létí, èmi náà ń kà á bí ẹni ń ka ìròyìn. Lọ́jọ́ kan, mo pe màmá kan tó ń ta aṣọ. Mo sọ, mo sọ, mo sọ. Nígbà tí mo dákẹ́, màmá ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Àmọ́ o ò tíì bi mí ní nǹkan tí mò ń tà." Wọ́n sì pa fóònù. Oṣù méjì pé, mi ò rí nǹkan kan tà, wọ́n ní kí n máa lọ. Mi ò lè bá wọn jà.

Etí ni iṣẹ́ yìí ń lò ju ẹnu lọ. Ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ mọ èèyàn kí, kó béèrè kó tó ṣàlàyé, kó kọ ohun tí oníbàárà sọ sílẹ̀. Tí ogún èèyàn bá ti lé e, kí ohùn rẹ̀ ṣì dùn sí ẹni kọkànlélógún. Kò gbọ́dọ̀ purọ́. Tí ẹnì kan bá ní kí wọ́n má pe òun mọ́, kó má pè é mọ́. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún onítọ̀hún lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Torí náà, ohun tí a máa ṣe rèé. Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà máa pe ìyá ọlọ́jà kan tí kò mọ ọmọ ẹni tó ń pè. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Èèyàn méjì tí kò ní ọmọ tàbí ẹbí nínú wọn máa gbọ́ ọ, wọ́n á fún wọn ní máàkì. Orúkọ mẹ́ta tó bá ṣe dáadáa jù la máa fi ránṣẹ́, ọ̀gá á mú èyí tó wù wọ́n. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọ̀gá náà ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ̀yin náà ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èló lowó oṣù? Òfin sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà lọ́dún 2024. Ìgbà wo ni wọ́n ń san kọ́mísọ̀n, ṣé tí oníbàárà bá gbà ni àbí tó bá sanwó? Ta ló ń ra káàdì ìpè? Ẹ gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù torí iṣẹ́ yìí, olè ni.

Tí a bá rán ẹni tí kò lè ṣe é, ọ̀gá yẹn ò ní bá wa jà. Wọn ò kàn ní béèrè èèyàn lọ́wọ́ ìlú wa mọ́. Àmọ́ tí a bá rán ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n lè wá ẹnì kejì àti ẹnì kẹta.

Kí ẹnikẹ́ni má wàá sọ pé mo ní ẹni tí mò ń bò: àbúrò mi obìnrin wà nínú àwọn mọ́kànlá náà. Òun náà máa pè bíi tàwọn yòókù, mi ò sì ní sí níbẹ̀.

Ìlú wa á tòrò o.