Ẹ̀rọ Ìṣirò tí ń Ya Gíráàfù àti Ìdánwò Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́)

 

Ẹ̀bùn kan ni ó bí ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí àwa olùkọ́ wá sọ lónìí. Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Òyìnbó ń gbèrò láti ra ẹ̀rọ ìṣirò tí ń ya gíráàfù ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé e wọ ìdánwò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ tiwọn ti ń ṣe lọ́hùn-ún. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a tó ná owó náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe àti ibi tí òfin ti gbà á láàyè.

Ẹ̀rọ tí ọwọ́ kan lè gbé ni. Ilé-iṣẹ́ Casio ti ilẹ̀ Japan gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1985. Texas Instruments ti Amẹ́ríkà sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1990. Bí ọmọ bá tẹ y = x² − 4x + 3 sí i, kò ní pẹ́ tí àwòrán rẹ̀ yóò fi hàn lójú ẹ̀rọ náà. Ní Amẹ́ríkà, láti 1995 ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní AP Calculus ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìdánwò SAT pàápàá ti di ti kọ̀ǹpútà níbẹ̀ láti 2024, ẹ̀rọ tí ń ya gíráàfù sì ti wà nínú rẹ̀ fún gbogbo olùdánwò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ yìí lọ́pọ̀ yanturu kò fi gbogbo ìdánwò lé e lọ́wọ́. Apá kan wà nínú AP Calculus kan náà tí ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò kankan. Nínú ìdánwò GCSE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà fún ìṣirò, èkínní nínú wọn kò sì gba ẹ̀rọ rárá. Wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí á rí ohun tí ó wà nínú orí ọmọ kí á tó wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé níbí ńkọ́? Ìgbìmọ̀ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè, ṣùgbọ́n èyí tí kò pariwo, tí kò ní wáyà, tí a kò sì lè kọ ètò sí nínú. Ẹ̀rọ tí ń ya gíráàfù ṣeé kọ ètò sí nínú. Nítorí náà kò lè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò náà. Bébà gíráàfù ni a ó tẹ́ síwájú ọmọ níbẹ̀. A ó ní kí ó parí tábìlì, kí ó lo ìwọ̀n tí a fún un, bóyá sẹ̀ǹtímítà 2 fún ẹyọ kan, kí ó fi àmì sí ojú ibi tí ó yẹ, kí ó fa ìlà tí ó tẹ̀ láìgbọ̀n, kí ó sì ka ìdáhùn lójú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni yóò gba máàkì fún un. Bí a bá fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ láti máa tẹ bọ́tìnnì nìkan, a ti dá a lóró.

Àwọn àgbàlagbà kan ní ẹ̀rọ ni ó ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Láti 1614 tí John Napier ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí lọ́gì jáde ni ayé ti ń wá ohun tí yóò dín wàhálà ìṣirò kù. Ìwé lọ́gì kò sì sọ àwọn tí ó lò ó di òmùgọ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ka owó ẹyọ kò ní bébà, síbẹ̀ ẹni tí ó bá pe 17 ní ẹ̀tàdínlógún ti yọ ẹ̀ta kúrò nínú ogún kí ó tó pa ẹnu dé. Ohun èlò lè yí padà. Òye ni a kò gbọdọ̀ sọnù.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tẹ y = x² − 30x + 200 sí ẹ̀rọ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ẹ̀rọ sábà máa ń fi kìkì −10 dé 10 hàn. Ìlà kúkurú kan ni yóò rí ní etí apá ọ̀tún, tí yóò dà bí ẹni pé ó gún gbọọrọ. Ọmọ tí kò fi ọwọ́ ya irú rẹ̀ rí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlà gígùn ni. Èyí tí ó ti yà á rí yóò wí pé, “x² wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ikùn igbá.” Yóò tún ojú ẹ̀rọ náà tò, yóò sì rí i pé ìlà náà kọjá lórí odo ní 10 àti ní 20, àti pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá jẹ́ −25, níbi tí x ti jẹ́ 15. Ẹ̀rọ kò purọ́ fún èkínní. Kò mọ ohun tí yóò bi í ni.

Nítorí náà, ohun tí àwa olùkọ́ ń bẹ Ẹgbẹ́ fún nìyí. Ẹyọ kan irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà sábà máa ń lé ní $100. Kí a má ra ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún ìdánwò tí kò ní gbà á wọlé. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a fi owó náà ra bébà gíráàfù, rúlà, àti ẹ̀rọ ìṣirò tí òfin gbà, fún ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì. Lẹ́ẹ̀kejì, kí a ra kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri. Ètò GeoGebra wà tí ilé-ẹ̀kọ́ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì bí a bá ti gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Bí àwọn ọmọ bá ti fi ọwọ́ ya tiwọn tán, kí olùkọ́ wá fi ti ẹ̀rọ hàn wọ́n, kí wọ́n fi wéra, kí wọ́n sì sọ ìdí tí méjèèjì fi bára mu tàbí tí wọn kò fi bára mu. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ fún àwọn ọmọ yín náà ní bébà àti pẹ́ńsù; apá ìdánwò tí kò gba ẹ̀rọ ń dúró dè wọ́n.

Bí ọjọ́ kan bá dé tí WAEC gba ẹ̀rọ yìí láàyè, inú wa yóò dùn, bí ìbéèrè bá yí padà pẹ̀lú rẹ̀, tí a kò sọ pé “yà á” nìkan mọ́, ṣùgbọ́n tí a ń béèrè pé, “Èéṣe tí ó fi rí báyìí?” Ọmọ tí a bá ti kọ́ dáadáa láti òní kò ní bẹ̀rù ìbéèrè náà.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa àti àwọn tí ń ná owó wọn nítorí rẹ̀.