Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò Kí A Tó Lo Fítámìnì D

 

Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Ohun tí mo ń rí láàárín wa ni kò jẹ́ kí n dákẹ́. Àwọn ọmọ wa ní London àti Amẹ́ríkà ń fi ìgò fítámìnì D ránṣẹ́ sílé. Bí egungun bá ti ń dùn wá, a ó gbé e mì, a ó sì bù díẹ̀ fún aládùúgbò. Hóró kan nínú ìgò yìí lè jẹ́ 1,000 yúnìtì, kí ti ìgò kejì jẹ́ 50,000.

Akápò inú ọrùn

Kókó wẹ́wẹ́ mẹ́rin wà nínú ọrùn, lẹ́yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju hóró ìrẹsì lọ. Parathyroid ni orúkọ wọn. Ivar Sandström, ará Sweden, ló ṣàlàyé wọn lára ènìyàn ní 1880.

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè ọ́fíìsì sọ ọ́. Kálísíọ̀mù ni owó, egungun ni báńkì, àwọn kókó yìí ni akápò. Bí owó bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, akápò á lọ gbà á jáde nínú egungun. Fítámìnì D ló ń ran ìfun lọ́wọ́ láti gba owó tuntun wọlé láti inú oúnjẹ.

Ohun méjì ló lè mú kí akápò ṣiṣẹ́ àṣejù.

Èkíní ni àìní. Ó lè jẹ́ pé kálísíọ̀mù tàbí fítámìnì D kò tó, tàbí kí kídìnrín ti bàjẹ́. Ní Jos, tí kò jìnnà sí wa, Thomas Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba kálísíọ̀mù nìkan ló ti ń sàn dáadáa, àti ìdá 58 nínú àwọn tó gba méjèèjì. Ìdá 19 péré ni nínú àwọn tó gba fítámìnì D nìkan. Oúnjẹ wọn ni kálísíọ̀mù kò tó nínú rẹ̀.

Èkejì ni pé akápò fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Kókó kan á wú, tí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, á sì máa kó owó jáde nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti kún. Òkúta inú kídìnrín, òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, ìgbẹ́ líle, àárẹ̀ àti egungun tó ń tètè kán wà lára àmì rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ní òkúta kídìnrín lẹ́ẹ̀mejì kí dókítà ọ̀dọ́ kan tó ní kí wọ́n yẹ kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ kókó kan. Ara rẹ̀ ti yá.

Ṣé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má lo fítámìnì D rárá?

Rárá o. Bí fítámìnì D bá dín kù, ṣe ni yóò tún máa ti akápò náà síwájú. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ó lè mú kálísíọ̀mù tó ti kún ẹ̀jẹ̀ ga sí i. Ìdí nìyí tí ìlànà àwọn onímọ̀ kárí ayé ti 2014 fi ní kí a fi 600 sí 1,000 yúnìtì lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìṣọ́ dókítà. Ti ẹni tí kídìnrín rẹ̀ bàjẹ́ tún yàtọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò kálísíọ̀mù, fítámìnì D, omi ara tí parathyroid ń tú jáde, àti kídìnrín. Ẹ gbé ìgò tí ẹ ń lò dání. Ẹ má ṣe dá èyí tí dókítà kọ fún yín dúró fúnra yín. Àwa tí a ń kúrò ní Kubwa ní kùtùkùtù, tí a sì ń jókòó sí ọ́fíìsì títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ jẹ́ kí oòrùn máa rí wa. Ẹ má gbàgbé ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, wàrà àti nónò.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́.