Ẹ jẹ́ kí a dáàbò bo ojú wa



Kòkòrò dúdú kékeré kan ń yé sínú omi tó ń sáré. Bó bá ń jẹni léraléra, ó ń kó aràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ara á máa yún. Bó pẹ́, ojú á fọ́.

Ní 1974, orílẹ̀-èdè 7, tiwa pẹ̀lú, gbógun tì í. Ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn sódò. Iṣẹ́ náà parí ní 2002. Ó wá ku ọwọ́ ìjọba wa àti ọwọ́ wa.

Oògùn ọ̀fẹ́ tí a ń pín ń pa ọmọ aràn. Kì í pa ìyá rẹ̀, tó lè gbé lára fún ọdún 10 sí 15. Nítorí náà, ẹ má sọ pé: «Mo ti lò ó lésìí.» Nígbàkígbà tí apín-oògùn bá dé, ẹ lò ó. Aboyún àti ọmọ tí kò pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ lò ó.

Bí ilé kan bá kọ̀ ọ́, ewu dé bá gbogbo abúlé.